Igbe Mọ́tò ní Ìdí Àràbà

Ní ilé wa ní Kabba, etí la fi ń mọ àkókò. Kò sí aago lára ògiri, èyí tí Bàbá sì ń so mọ́ ọwọ́ ti dákẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀ṣọ́ lásán ló fi í ṣe. Bí ìyá Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé Àgbà, bá ti jókòó sídìí aṣọ híhun rẹ̀, tí igi tó fi ń gbá òwú mọ́ra bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn, ẹni tí kò bá tí ì pọn omi ti pẹ́. Bí odó bá dún nílé àwọn aládùúgbò, oòrùn ti ń wálẹ̀, ó yẹ kí iṣu tiwa náà ti jinná. Àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ ohun kan tó ń kérora bọ̀ lórí àpáta, tó ń lọ gììrì, tó ń dá gbì, tó tún ń lọ gììrì, Bàbá ló ń bọ̀ nínú mọ́tò rẹ̀. Kí olúkúlùkù yára wá iṣẹ́ tí yóò gbá mú. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, ọdún tí mọ́tò náà fi ń ké, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é, tí wọ́n sì fẹ́ torí rẹ̀ lé Sálíù kúrò nídìí ọkọ̀.

Oníṣòwò ni Bàbá. Ó ń ra kọfí àti èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Iyamoye àti ìgbèríko rẹ̀, ó ń kó wọn wá sí Kabba, àwọn tó ń kó wọn lọ sí ìsàlẹ̀ létí òkun a sì wá rà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, kì í pariwo, kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó le ju pàṣán lọ: bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ jókòó. Bí Ìyé, ìyá tó bí mi, bá ń ṣa ẹ̀wà, gbogbo wa la máa ṣa ẹ̀wà, ìbáà ṣe abọ́ kan péré ni. Bí wọ́n bá ń já kọfí sílẹ̀, àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, kó mú èso kan dání. "Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí," ni Bàbá máa ń wí, a ò sì jẹ́ sọ pé igbá míì wà tí kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Bó bá ti mọ́sálásí dé ní ìdájí, ó ti mú ìgbálẹ̀ nìyẹn, òun ló ń gbá iwájú ilé. Nígbà yẹn, mo rò pé ìkà ni. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ bí ilé bàbá tirẹ̀ ṣe rí, ilé tí ọ̀pọ̀ ti ń jẹun tí ìwọ̀nba díẹ̀ sì ń ro oko, àti pé òun wà lára ìwọ̀nba náà láti kékeré. Èèyàn tó bá ti ilé bẹ́ẹ̀ jáde, kò sí bí ọ̀rọ̀ ìjókòó ò ṣe ní máa bí i nínú.

Mọ́tò náà jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí àwọn ológun lò kù lẹ́yìn ogun. Kò tóbi tó lọ́rì. Iwájú rẹ̀ gba èèyàn mẹ́ta bí wọ́n bá fún ara wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹrù. Ohun tó jẹ́ kí Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Lọ́rì tó kù nílùú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ní ń ṣiṣẹ́, tiwájú kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ní Lọ́kọ́ja tí Bàbá ti rà á, ẹni tó tà á fún un fi ọ̀pá kékeré kan hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Ó ní bí wọ́n bá dé inú ẹrẹ̀ kí wọ́n tì í síwájú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà. Bí wọ́n bá dé orí ilẹ̀ gbígbẹ kí wọ́n fà á padà, kí méjì iwájú lè sinmi. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá gbọ́. Ìdajì kejì bí i nínú. "Kí méjì máa ṣiṣẹ́, kí méjì máa ṣeré? Nínú ilé mi?" Ó ti ọ̀pá náà síwájú níbẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Sálíù, tí yóò máa wa mọ́tò náà, dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Tò, Bàbá." Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin tó ti kú ni Sálíù. Ọ̀dọ̀ wa ló dàgbà sí, ó sì ti kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ Gàm̀bàrí kan fún ọdún díẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, etí rẹ̀ fẹ̀, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì bá sọ.

Ìgbà òjò ni wọ́n rà á, gbogbo ọ̀nà Iyamoye sì jẹ́ ẹrẹ̀. Mọ́tò náà ń ṣe dáadáa, kò sì ké. Bàbá a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bó bá ń kọjá lára lọ́rì tó rì. Nígbà tó yá, òjò dáwọ́ dúró, ọyẹ́ wọlé, ilẹ̀ le, eruku pupa bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà. Ní àkókò yẹn gan-an ni Bàbá ra táyà tuntun méjì. Ó fi wọ́n sí iwájú, ó fi àwọn ògbólógbòó tó ti jẹ tán sílẹ̀ lẹ́yìn. Kò pẹ́ sí i ni igbe bẹ̀rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ ni. Lẹ́yìn náà ló di ìkérora, pàápàá bí wọ́n bá ń yí kọ́nà lórí àpáta tó wọ ilé wa. Sítíárì á le, táyà á máa han, ohun kan á sì dá gbì lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni fi ọmọ odó lu ilẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ọ̀pá jíà, á kọ̀. Bàbá á sọ̀ kalẹ̀, á yí i ká, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, á ní, "Kí ló ń ṣe ọ́ ná?" Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó sì wá ìdí igbe náà tọkàntọkàn. Ó ní kí wọ́n da òróró abẹ́ rẹ̀ sínú abọ́ funfun, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin ti ń rẹ́ sínú rẹ̀. Kò rí irin. Ó ní kí wọ́n fi igi gbé e sókè, kí wọ́n mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò bóyá ọ̀kan ti yẹ̀. Kò sí èyí tó yẹ̀. Ó ní kí Sálíù kó gbogbo ẹrù kúrò, ó tún gùn ún lófìfo, síbẹ̀ ó ń ké. Ó wá lọ pe mekaníìkì kan tó ń tún lọ́rì ṣe létí ọjà. Ọkùnrin náà wá pẹ̀lú igi gígùn kan tó ti dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi orí kan rẹ̀ sí ara ilé jíà, ó fi èkejì sí etí, ó dijú. Ó ní igbe náà kò sí nínú ẹ́ńjìnnì, ó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí agbára ti ń pín sí ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́rì ló mọ̀, kò tún mọ́tò tí ẹsẹ̀ mẹ́rin ń fà ṣe rí, ọ̀pá kékeré yẹn kò sì sọ nǹkan kan fún un. Ó nu ọwọ́, ó wo Sálíù, ó ní, "Alhaji, ọwọ́ ló ba jíà jẹ́. Awakọ̀ yín ń fi ipá fà á." Bàbá kò tí ì lọ sí Mẹ́kà nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mekaníìkì ṣe ń pe ẹni tó bá fẹ́ kó gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́.

Ohun kan ṣì wà tó ń dààmú Bàbá. Àwọn ìyá tó ń bá Sálíù wá sí ọjà láti Iyamoye sọ pé àwọn kò gbọ́ igbe kankan. Ọ̀kan nínú wọn búra. "Háà bá! Mo sùn lórí àpò kọfí láti ọ̀hún títí dé ọjà. Ṣé mọ́tò tó ń ké la ti ń sùn?" Bàbá ní wọ́n ń bo Sálíù ni, nítorí kì í gba owó ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan nínú ẹbí wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ pé bóyá ọwọ́ ayé ni, pé ohun tó jẹ́ pé ilé oníǹkan nìkan ni yóò máa gbọ́ igbe rẹ̀, ó yẹ ká wò ó dáadáa. Bàbá dá a lóhùn pé òun ti kírun ní àárọ̀, òun kò sì bá ayé jà. Àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, pé ohun tí òun fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ ń sunkún bó bá ti rí òun.

Ó pè wá jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì sọ ìpinnu rẹ̀ bí ẹni ń sọ iye àpò tó wà nílẹ̀. Sálíù á gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, á padà sí oko Iyamoye, òun á wá awakọ̀ mìíràn. Sálíù ní, "Tò, Bàbá." Gbogbo wa ló mọ ohun tí oko túmọ̀ sí fún un. Àwọn òbí ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ní Mopa, ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé awakọ̀ ni ni wọ́n tó dá a lóhùn. Àgbẹ̀ ti wá bẹ̀ wọ́n ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ti dá a padà. Ìyé mi sunkún níbi tó ti ń fọ abọ́. Ó fẹ́ràn Sálíù, nítorí òun ló ń bá a gbé igi ìdáná tó wúwo tí Bàbá kò bá sí nílé.

Ọ̀la rẹ̀ ni Ìyé Àgbà sọ tirẹ̀. Bàbá jókòó tì í, wọ́n jọ ń jẹ iyán. Ìyé Àgbà kì í yára sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ bu òkèlè, ó wò ó, ó gbé e mì.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìdí òwú ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀, kò sí ohun tí mo ní í ṣe ju kí n máa gbọ́. Ọjọ́ tó o bá wà nínú mọ́tò yẹn, láti ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ń gbọ́ igbe rẹ̀."

"Mo mọ̀, Ìyé."

"Ọjọ́ tó ò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo ń gbọ́ títí dé ìdí àràbà. Á dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó bá tún gbéra ni yóò tó máa sunkún wọlé."

Bàbá fọ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ kò jẹun dé ìdajì. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ìyá rẹ̀ sì mọ irú ọmọ tí òun bí.

Àràbà ńlá kan wà ní ibi tí ọ̀nà ilé wa ti ya kúrò ní ojú títì, gbòǹgbò rẹ̀ ga tó ògiri. Odò tí a ti ń pọn omi kò jìnnà síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá rán Sálíù lọ kó àpò kọfí tó kù ní Iyamoye, ó ní bó bá dé kó gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Ní ọ̀sán, èmi ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú omi lórí nígbà tí mo rí Bàbá tó jókòó sẹ́yìn gbòǹgbò àràbà, tó ń ka tẹ̀súbáà. Ó fi ọwọ́ sọ pé kí n dúró. Mọ́tò dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ké, kò kérora. Ó dúró níwájú igi, mo sì rí Sálíù tó tẹ̀ síwájú, tí apá rẹ̀ ti nǹkan. Bàbá dìde lẹ́yìn gbòǹgbò.

"Okun o, Sálíù," ó kí i.

Sálíù já bọ́ sílẹ̀ ju kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

"Kí lo tì síwájú yẹn?"

"Ọ̀pá ni, Bàbá."

"Dìde, sọ bó ṣe jẹ́ fún mi. Tẹnutẹnu."

Sálíù dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe àpèjúwe. Ó ní bí Bàbá kò bá sí nínú ọkọ̀, òun a máa fà á padà sẹ́yìn, ìdí àràbà yìí ni òun ti ń tún un tì síwájú kí Bàbá má bàa mọ̀. Ó ní táyà iwájú ga, tẹ̀yìn ti jẹ, ìrìn wọn kò dọ́gba. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ nínú ẹrẹ̀, èyí tó bá yára á yọ̀ díẹ̀, ìjà á parí. Lórí ilẹ̀ líle, kò sí èyí tó ráyè yọ̀, irin tó wà láàárín wọn ni wọ́n ń lọ́. Irin náà ló ń ké. Kódà bí táyà bá dọ́gba, bí wọ́n bá ti ń yí kọ́nà, wọ́n á ṣì máa jà. "Wọn ò ṣe ọ̀lẹ, Bàbá. Bí méjì bá sinmi, gbogbo wọn á rìn." Bàbá wo táyà iwájú, ó wo tẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ wọn gíga wọn.

"O mọ èyí, o sì dákẹ́. Mo fẹ́ lé ọ lọ sóko, o ṣì dákẹ́."

"Bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó mọ̀ pé mo ti ń rú òfin yín. Bí n ò bá sọ ọ́, ẹ ó ní mo ba mọ́tò jẹ́. Mo rò pé ó sàn kí ẹ pè mí ní ẹni tó ba mọ́tò jẹ́."

Omi ń jò sí mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó na ọwọ́ ara rẹ̀, ó fa ọ̀pá náà padà sẹ́yìn. "Rámátù, gun ẹ̀yìn," ó sọ fún mi. "Sálíù, wà á." A sì wọ orí àpáta, a yí kọ́nà àkọ́kọ́, a yí èkejì. Ariwo kankan kò sí. Mo di igbá omi mi mú láàárín àpò kọfí, inú mi ń dùn fún Sálíù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ohun tó yẹ kí n rántí.

Ohun náà ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́ bíbọ̀ wa. Bí ológìnní ò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté, igbe mọ́tò sì ni agogo ọrùn ológìnní tiwa. A kàn yọ sí wọn ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nà gbalaja lábẹ́ máńgòrò. Àwọn ọmọ àbúrò Bàbá ń di irun fún ara wọn. Ìyé Àgbà kò sí nídìí òwú, ẹ̀pà sísun ló ń pa jẹ. Ìyé mi ni mo rí kẹ́yìn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, aṣọ gbígbóná wà lórí orúnkún rẹ̀, orúnkún náà sì wú bí orí ọmọ titun. Ó ti ṣubú lórí òkúta odò nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀, àfi Bàbá. Ta ni yóò sọ fún un pé ẹnì kan nílò láti jókòó?

Ilé dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà gbá ìgbálẹ̀ mú, ó ń gbá ibi tí wọ́n ti gbá. Ẹnì kan ń fi ọmọ odó gún ilẹ̀, nítorí odó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìyé. Ìyé fọwọ́ ti ògiri, ó fẹ́ dìde, orúnkún kò gbà, ó tún gbìyànjú, ó ń wí pé, "Ẹ káàbọ̀, mo ń bọ̀, mo ń dìde." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tí mo sì wo ojú Bàbá, àánú tirẹ̀ náà ṣe mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Kò rí ilé rẹ̀ ní ìsinmi rí. Ó dúró bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀.

"Láti ìgbà wo ni orúnkún yìí ti wú?" ó béèrè.

Ìyé Àgbà ló dáhùn, ẹ̀pà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Láti ìgbà tí mọ́tò rẹ ti ń ké."

Bàbá wolẹ̀. Sálíù na kọ́kọ́rọ́ sí i gẹ́gẹ́ bó ṣe pa á láṣẹ. Bàbá wò ó, ó ní, "Fi sápò rẹ. Ilẹ̀ ti ṣú jù láti wá awakọ̀ mìíràn." Oòrùn wà ní àárín orí. Ó bá ọ̀nà ibi ìwẹ̀ lọ, ó ń bu omi àlùwàlá, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Kò fẹnu ara rẹ̀ fagi lé òfin rẹ̀ títí tó fi kú, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé onítọ́jú egungun wá fún Ìyé láti Iyamoye, ẹsẹ̀ náà sàn, àmọ́ kò yára mọ́. Sálíù gbé ìyàwó rẹ̀ láti Mopa nínú mọ́tò náà, ọkọ̀ náà sì rìn láìké lọ láìké bọ̀. Kìkì pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ní ọ̀sán kan, a gbọ́ tí mọ́tò dúró ní ìdí àràbà, a sì gbọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ igbe àtijọ́ bọ̀ lórí àpáta. A rò pé àìsàn rẹ̀ ti padà. Oníkálukú gbá iṣẹ́ mú, Ìyé sì ti dìde dúró, ó ti tún ìró ró, kí Bàbá tó sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, bí Bàbá bá wà nínú rẹ̀. Èmi pàápàá ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó bi Sálíù léèrè. Ó ní Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń ní kí wọ́n dúró níbẹ̀, tó sì máa ń na ọwọ́ ti ọ̀pá náà síwájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sálíù ti sọ fún un pé, "Bàbá, á ké o."

"Jẹ́ kó ké," ni Bàbá wí. "Ìyá Rámátù ò lè sáré dìde."